Ìgbọ̀nwọ́

Ọjọ́ kẹta tí Akínmọládùn kú,
tẹlifíṣọ̀n wa ní Òkè-Àró kò sinmi.
Bùọ̀dá Fálúyì rọ epo lítà mẹ́ta sí jẹnẹrétọ̀,
ó ní a ò ní í yọjú wo irú òkú báyìí
látojú wíńdò ẹlòmíì.
Àwọn ọmọ ilé kejì gbé àga tiwọn wá.
Ìyá mi jókòó síbi tó máa ń jókòó,
ó ń ṣa ẹ̀wà,
àwo lórí itan, ojú nínú àwo.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé kọmíṣọ́nà jáde.
Ó ní àdánù ńlá ni, ó ní erin wó.
Ẹni tó tẹ̀lé e ní erin wó.
Obìnrin tó tẹ̀lé ìyẹn ní erin wó, kò lè dìde mọ́.
Nígbà tí aago mẹ́jọ fi máa lù,
erin mẹ́sàn-án ti wó sínú pálọ̀ wa,
a ò ríbi gbẹ́sẹ̀ lé.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó wọ dúdú látòkèdélẹ̀
pe “Ọkọ̀ Ìdànrè” ní “Ọkọ Ìdànrè”,
ó mú orin ìrìnàjò, ó fi í fún ìyàwó.
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.
Ọ̀gá tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ nu ojú tó gbẹ,
ó ní, “Bí ọmọ ni mo ṣe mú un.”
Ìyá mi gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:
“Ọmọ tí o kò fún lóúnjẹ.”
Ó padà sídìí ẹ̀wà.

Lẹ́yìn náà, fọ́tò kan,
dúdú àti funfun, etí rẹ̀ ti ká.
Akínmọládùn láàárín, ẹnu rẹ̀ là gbàgà
bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú.
Lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti gé e,
ọwọ́ obìnrin kan yọ:
ìgbọ̀nwọ́, aago onírin,
ìdajì àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ́ pàtẹ́wọ́.
“Èmi nìyẹn,” ni ìyá mi wí.
Kí a tó yíjú padà, fọ́tò ti lọ,
ìpolówó ọṣẹ ti dé.

Mo mọ̀ pé ó ṣe elégbè rí.
Bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìyá òun ṣe ọmọdé rí
ni mo ṣe mọ̀ ọ́n.
Aago yẹn wà nínú agolo bisikíìtì,
òun àti bọ́tìnì àti risíìtì owó ilé,
ó ti dúró sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá
kí wọ́n tó bí mi.

Bùọ̀dá ní, “Màmá, nọ́ńbà wọn ló wà nísàlẹ̀ yẹn.
Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n.”
“Kí n wí kí ni?
Pé ìgbọ̀nwọ́ ń kí wọn?”

Ó gbọn àwo.
“Ó jẹ mí ní owó eré Òkìtìpupa.
Ti Ọ̀wọ̀, ìdajì ló san.
Àmọ́ tí òtútù bá mú wa lẹ́yìn lọ́rì lóru,
á bọ́ kóòtù rẹ̀ bo àwa obìnrin,
òun á máa gbọ̀n, á ní òun ń dánrawò ohùn.
Ìyẹn ò sí lẹ́nu erin kankan.”

Epo tán.
Akínmọládùn dákẹ́ láàárín orin,
àwọn ọmọ gbé àga wọn, wọ́n lọ.
Nínú òkùnkùn mo ń gbọ́ ẹ̀wà,
hóró kan, hóró kan,
títí mo fi gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí nínú ilé yìí.
Ó gbè.
Ó dúró de ẹni tí yóò lé e,
ó fi àyè sílẹ̀ tó gùn tó ìlà orin kan gééré.
Ó tún gbè.

Ì bá wù mí kí n sọ pé òkú dáhùn.
Ajá kan ló gbó lọ́nà Ìjọ̀mù.

“Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fún mi,” ni ìyá mi wí,
“òkúta pọ̀ nínú ẹ̀wà yìí.”